Ọkọ̀ Tó Kọ́kọ́ Dé

"Èyí tó bá kọ́kọ́ dé la ó wọ̀!" ni Maëlle wí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó sì ti ń fi èjìká la èrò kọjá.

Ilan, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fa àpò rẹ̀ mú. "Ti Asnières nìyí! Wo orúkọ tí iná tàn sí lókè. Ṣebí Saint-Denis là ń lọ? Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Ojo! Ta ni kì í sọ̀ ní Oríta kó pààrọ̀ ọkọ̀? Àbí àlejò ni ẹ́ ní Paris ni?"

Ibùdó La Fourche ni wọ́n ń pè ní Oríta, torí ibẹ̀ ni ojú irin ti pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Asnières, èkejì lọ sí Saint-Denis.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ ni, Saint-Denis sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí kò bá dé lásìkò, òdo ni tirẹ̀. Ìyá Maëlle ti ní kó tètè wọ bọ́ọ̀sì.

"Bọ́ọ̀sì tó ń kí gbogbo iná pupa lọ́kọ̀ọ̀kan?" ni Maëlle fi dá a lóhùn. "Màámi, ẹ jẹ́ n sùn díẹ̀ sí i."

Kò purọ́. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò mọ òjò, kò mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àmọ́ ooru inú rẹ̀, àti òórùn abíyá ẹni ẹlẹ́ni, háà!

Ó wọlé, Ilan kù sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga àṣípadé kan, irú èyí tó ń ká sókè béèyàn bá dìde, ní ìkángun ọkọ̀ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn, ó ki ohun ìgbọ́rin bọ etí. Èrò ń rọ́ wọlé. Bí èrò bá ti pọ̀ báyẹn, ẹni tó wà lórí irú àga yẹn a dìde. Gbogbo wọn dìde, àfi Maëlle.

"Ọmọ mi, dìde, kí ààyè lè gbà wá," ni ìyá àgbà kan wí.

Maëlle ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dijú, ó ń ka ewì ìdánwò rẹ̀ sínú. Nígbà tó lajú, aṣọ èèyàn nìkan ló rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo la dé?"

"Oríta ni."

Ó fò dìde. "Mo fẹ́ sọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi!"

"Ẹ̀n-ẹ́n, etí ẹ ti là?" ni ìyá àgbà náà wí. "Àwa tó ò dìde fún náà lo fẹ́ gba àárín wa kọjá."

Wọ́n gbìyànjú láti yà, kò sáyè. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ gbé e gba ọ̀nà Asnières lọ.

Nígbà tó fi máa padà dé ibi ìdánwò, Ilan ti ń jáde.

"Ṣé ọkọ̀ ló dákú lọ́nà?" ni obìnrin tó ń bójú tó ìdánwò bi í. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ gba ìwé ẹ̀rí wá lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀, a ó gbọ́ tìrẹ."

Irọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ta ni kì í di ẹ̀bi ru ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀? Ó wo Ilan, tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà gbé dé lásìkò. Ojú tì í.

"Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan, mà. Èmi ni mi ò sọ̀."

"O káre tó o sọ òótọ́. Jókòó. Bí ẹnì kan ò bá wá, wàá gba ipò rẹ̀."

Maëlle jókòó títí. Gbogbo wọn ló wá. Ẹni ìkẹyìn tiẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ó sì tètè dé.

Òdo ni wọ́n fún un.

Nígbà tí òun àti Ilan, tó ti dúró dè é, ń lọ sílé, ààyè pọ̀ nínú ọkọ̀. "Jókòó," ni Ilan wí. Maëlle kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló dúró sí, tó ń ka orúkọ ibùdó. Nígbà tí wọ́n dé Oríta, ó bú sẹ́kún.

"Ọkọ̀ yìí yá," ló wí, "àmọ́ kì í bá èèyàn ronú."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ló dí i mọ́.