Nígbà Tí Wọ́n Pe Bámiṣe, Kò Dáhùn

Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn a máa di ẹrù rẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn tó pé. Olúwabámiṣe mọ èyí. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti Araromi-Obu, kí ó la igbó ìjọba kọjá, títí dé abà kan ní òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ilẹ̀ kòkó fún un. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọ̀kadà kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Abraham lóko. Abraham kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láti Ìlá ló ti wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nígbà tí Bámiṣe ṣì kéré. Ṣùgbọ́n kò sí ipa ọ̀nà nínú igbó náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Ó mú igi, ó fi ya ọ̀nà náà sórí iyẹ̀pẹ̀ fún Bámiṣe: ibi tí odò ti ń kún, ibi tí ó lè sùn, ibi tí àpáta ti ń yọ̀.

"Gbé omi dání, má gbẹ́kẹ̀ lé ti odò," ni Abraham wí. "Wé ìṣáná sínú ọ̀rá. Kí o sì mú fèrè. Bí nǹkan bá ṣe ọ́, fọn ọ́n. Ohùn èèyàn a máa há, fèrè kì í há."

Bùsọ́lá, ìyàwó Bámiṣe, ló bá a di àpò náà. Gàrí wà níbẹ̀, àti kúlíkúlí, iyọ̀, oògùn ibà, okùn, tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ẹ̀gì omi kékeré, àti fèrè. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí Bùsọ́lá sí. Bó ti ń ki nǹkan kọ̀ọ̀kan bọ àpò ló ń fi orin sábẹ́ ètè.

Ìgbà náà ni Àyànlọ́wọ̀ wọlé.

Àyànlọ́wọ̀ ni ẹ̀gbọ́n Bámiṣe. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọ igbó lọ wá igi ńlá fún àwọn onísọ́míìlì ní Ore. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Kánàkò ni. Kánàkò ni oògùn tí wọ́n ní ó máa ń ká ọ̀nà jíjìn kò bí ẹni ká ẹní. Àyànlọ́wọ̀ a wà nínú igbó lówùúrọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti dúró ní gáréèjì Ore, láìlàágùn, láìsí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Àwọn awakọ̀ a sì máa pariwo pé, "Kánàkò! Ẹ bù fún wa díẹ̀ níbẹ̀ o, epo ti wọ́n!"

Á rẹ́rìn-ín, á juwọ́. Ó fẹ́ràn orúkọ yìí ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ó wo àpò náà. "Bámiṣe, ṣé o ń kó kúrò nílùú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà jìn."

"Ó jìn fún ta? Fún àbúrò tèmi?" Ó tú okùn àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gàrí sílẹ̀. "Ẹni tí kánàkò bá wà nídìí rẹ̀ kì í gbé oúnjẹ ọ̀nà. Bí o bá gbé oúnjẹ, o ti sọ fún ọ̀nà pé ó jìn nìyẹn. Ọ̀nà á sì jìn."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mú fèrè yẹn nìkan."

"Fèrè? Ṣé rẹfirí ni ọkọ rẹ?"

Ó tú awọ dúdú kan tí wọ́n rán kánàkò náà sí kúrò ní ìbàdí ara rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí Bámiṣe. "Èèwọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ lójú ọ̀nà, má dáhùn. Iwin inú igbó ló ń pè ọ́. Ì báà ṣe ohùn tèmi lo gbọ́, má dáhùn. Bí o bá dáhùn, ọ̀nà á pàdé mọ́ ọ, o ò sì ní rí ilé mọ́."

Láti kékeré, Bámiṣe kò já ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kulẹ̀ rí. Ó jáde lọ lọ́wọ́ òfo. Bùsọ́lá gbé àpò náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tó yẹ kí Bámiṣe dé abà náà kọjá. Ẹnìkan láti ibẹ̀ gun orí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe Bùsọ́lá láti béèrè ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi wá mọ́. Bùsọ́lá kò tilẹ̀ dúró wọ bàtà. Ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì Ore, ó bá Àyànlọ́wọ̀ láàárín àwọn awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Bámiṣe kò dé ibẹ̀ o!"

Awakọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò Kánàkò kẹ̀? Eré ló sá kọjá ibẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àyànlọ́wọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kánàkò náà kò ṣiṣẹ́ rí. Ọkọ̀ agbégi ni Àyànlọ́wọ̀ máa ń wọ̀ jáde nínú igbó. Á dùbúlẹ̀ sórí gẹdú kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìlú, á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò kékeré kan, á sì rìn wọ Ore bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó bẹ irọ́ náà lọ́wẹ̀ títí irọ́ náà fi di ọ̀gá rẹ̀. Kò rò ó rí pé ẹni tó fẹ́ràn òun jù ni yóò gbà á gbọ́ jù.

Àwọn ọkùnrin Araromi-Obu wọ igbó lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe Bámiṣe títí ohùn wọn fi há. Òjò ló dá wọn padà. Bùsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ka àwọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀, kò sì rí ẹni tirẹ̀. Kò sunkún. Ó wọlé, ó gbé àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn jáde.

"Ẹ gbé e dání lọ́la," ló wí. "Bí ẹ bá rí i, ebi á ti pa á."

Àyànlọ́wọ̀ àti Abraham ló tún àpò náà dì, nítorí inú igbó ni wọn yóò sùn báyìí. Gàrí tí Àyànlọ́wọ̀ kó dànù ló tún ń kó padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gàrí ń dà sílẹ̀.

"Òtútù ni," ló wí, nígbà tó rí i pé Abraham ń wo òun.

"Òtútù kọ́." Ohùn Abraham rọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí wọ́n ṣe ń múra fún igbó. Ìrìn kan wà níwájú rẹ tó jìn ju èyí lọ. Kí lo dì sílẹ̀ fún un?"

"Abraham, má wàásù fún mi lónìí."

"Ó dáa. Èmi á dákẹ́. Ẹni tó rán mi ni mi ò lè sọ fún pé kó dákẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará Ore bá wọn wọ igbó. Nítòsí àpáta tó ń yọ̀ náà, wọ́n rí bàtà ẹsẹ̀ kan. Ti Bámiṣe ni. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ àfonífojì tí igbó dí pa, tí ojú kò lè wọ̀ rárá. Wọ́n pè. Wọ́n tún pè. Ẹyẹ nìkan ló dún.

Gàzálì, ọlọ́kadà tó bá wọn wá láti Ore, ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ má bínú o. Bó bá wà láàyè, á ti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àyànlọ́wọ̀ lọ́kàn. *Á ti dáhùn.* Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà: ì báà ṣe ohùn tèmi lo gbọ́, má dáhùn. Àbúrò òun lè máa gbọ́ gbogbo wọn, kí ó sì di ẹnu rẹ̀ mú, nítorí òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wo àwọn ọkùnrin tó yí i ká. Ará Ore ló pọ̀ nínú wọn. Bó bá sọ òtítọ́, Kánàkò kú. Bó bá dákẹ́, Bámiṣe kú.

Ṣé ẹ gbà gbọ́ pé ó ṣì wá ọ̀nà àárín? Ọkàn ènìyàn burú tó bẹ́ẹ̀. Ó pariwo pé, "Bámiṣe! Èmi ni! Mo ti tú èèwọ̀ náà! Dáhùn!"

Igbó dákẹ́.

Abraham sún mọ́ ọn. "Èèwọ̀ wo?"

Omijé bọ́ lójú Àyànlọ́wọ̀. "Mo ti pa á, Abraham. Èmi ni mo pa á. Irọ́ ni mo pa fún un pé kó má dáhùn."

Abraham kò bá a wí. Ó gbá a lọ́wọ́ mú. "Ìwọ náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí Jésù ti ń pè ọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ, mo rí i pé o gbọ́. O kò dáhùn, nítorí pé irọ́ ni o so mọ́ ìdí. Ó kú nítorí òpùrọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ó jíǹde nítorí òpùrọ́. Dá A lóhùn."

Ọkùnrin agbéraga náà wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò mọ àdúrà gígùn. "Jésù, mo gbọ́ Ọ o. Èmi rè é. Òpùrọ́ ni mí. Mo ti pa ọmọ ìyá mi. Ṣàánú mi. Gbà mí."

Ó dìde, ó kọjú sí àfonífojì náà, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀:

"Bámiṣe! Irọ́ ni! Kò sí kánàkò! Ọkọ̀ agbégi ni mo máa ń wọ̀! Orí gẹdú ni mo máa ń dùbúlẹ̀ sí! Mo máa ń fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn Ore kí wọ́n má bàa mọ̀! Mo tàn ọ́ jẹ, ọmọ ìyá mi! Dárí jì mí! Dá mi lóhùn!"

Gàzálì ń wo ilẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn kan jáde, ó tín-ín-rín bí ti ọmọ tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà níbí."

Wọ́n fi okùn inú àpò náà sọ̀ kalẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, ó ti wú, ó ti dúdú. Àyànlọ́wọ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó bu omi sí i lẹ́nu.

"O gbọ́ wa láná?"

"Mo gbọ́ gbogbo yín. Mo fi aṣọ di ẹnu mi."

"Kí ló wá jẹ́ kí o dáhùn nísinsìnyí?"

Bámiṣe pa ojú dé. "Iwin kì í sọ àbùkù ara rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìtìjú nínú ohùn yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó yè. Ṣùgbọ́n dókítà ní ká ní ó ti dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ni, àwọn ìbá gba ẹsẹ̀ náà là. Wọ́n gé e.

Lónìí, bí o bá dé Araromi-Obu lọ́jọ́ Ìsinmi, o lè rí ọkùnrin kan tó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tó ń gbé e lọ sí ilé àdúrà, tí Bùsọ́lá ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ́yìn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn ọ̀dọ́ kan á ké pé, "Kánàkò!" Á fèsì pé, "Kánàkò kú sínú igbó. Àyànlọ́wọ̀ ni mí. Jésù ló rí mi."

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ta ló sọ fún ọ pé kí o má dáhùn? Ṣé ìgbéraga ni? Ṣé ohun tí o dè mọ́ra tí o sì mọ̀ nínú ara rẹ pé kò ṣiṣẹ́ rí? O ti gbọ́ ohùn Olúwa ṣáájú òní. O gbọ́ ọ lẹ́bàá sàréè, o gbọ́ ọ nígbà àìsàn, o sì fi aṣọ di ẹnu rẹ.

Má wá ọ̀nà àárín. Jẹ́wọ́ òtítọ́ fún Jésù, bó ti wù kí ó ti ọ́ lójú tó. Kò ní bá ọ jà. Yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àfonífojì rẹ, yóò sì gbé ọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ yóò dúró yí ibùsùn rẹ ká, tí wọn yóò máa pe orúkọ rẹ jẹ́jẹ́, tí wọn yóò máa pè é léraléra, tí o kò sì ní lè dáhùn mọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ju gbogbo wọn lọ ń pè ọ́ báyìí.

O ṣì ní ohùn. Dá A lóhùn lónìí.