Kòkòrò Tó Ń Sùn Kò Tíì Kú

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyàwó Báírò Pupa ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kọ lu páálí kékeré kan. Ó fà á jáde. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, odindi, wọn ò tíì já ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń sọ fún un pé òun ti lo oògùn òun, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé ni Báírò Pupa ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ka ojú ìwé kan tí kò rí àṣìṣe, á buwọ́ lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é báyìí, ó ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un, tó rù débi pé ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀, ilé ìwòsàn ní oṣù mẹ́fà ni yóò fi lo oògùn. Ó lò ó fún oṣù méjì. Ikọ́ lọ, ara padà. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò rí kòkòrò. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun tí yóò fa ìlà sí. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Nọ́ọ̀sì ní kó má dáwọ́ oògùn dúró, Báírò Pupa ní òun ti gbọ́, ó sì lọ ju oògùn náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà. Yàrá àyẹ̀wò ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀. Dókítà Kòkòrò ni Báírò Pupa fi ń dá a lápàárá. Ìyàwó gbé páálí náà sórí tábìlì láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ẹ̀gbọ́n,” àbúrò bi í, “ta ló sọ fún yín pé ẹ ti san?”

“Ìwé àyẹ̀wò ni. Wọn ò rí kòkòrò.”

“Wọn ò rí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé ó ti tán nínú ẹ̀dọ̀fóró yín.”

Ó wá ṣàlàyé fún un pé bí kòkòrò yẹn ṣe kéré tó, ó ní DNA tirẹ̀. Báírò Pupa rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èyí tí wọ́n fi ń wá bàbá ọmọ ni, ta wá ni bàbá kòkòrò? Ìyàwó rẹ̀ tí inú ń bí náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò ní irú rẹ̀ náà ni. Ó ní inú rẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ohun tí kòkòrò náà mọ̀ ọ́n ṣe sí, àmọ́ kì í ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èròjà kan wà nínú kòkòrò náà, purotéènì ni wọ́n ń pè wọ́n, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dì mọ́ ara àkọsílẹ̀ náà. Ibi tí òmíràn bá dì mú, kòkòrò ò ní lè kà á. Ibi tí òmíràn bá sì jókòó sí, ibẹ̀ gan-an ni yóò kà, tí yóò sì ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ara bá há kòkòrò mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì yìí á mú un sùn. Bí ìrọ̀rùn bá dé, á jí, àwọn mìíràn á sì ní kó kó ohun ìjà tó fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ jáde.

“Èyí tó jí ni oògùn máa ń tètè pa,” ó ní. “Èyí tó ń sùn ló ń pẹ́. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi oṣù mẹ́rin kún un.”

“Tó bá ń sùn, ẹ jẹ́ kó máa sùn.”

“Ẹ bá olè tó ń sùn nínú yàrá yín, ẹ wá ní ká má jí i? Ẹ lé e jáde. Àwọn tí oògùn bà tí kò pa sì lè di èyí tí oògùn yẹn ò ní lè pa mọ́.”

Ọkùnrin náà ti páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní níbi iṣẹ́, wọ́n ya ife òun sọ́tọ̀, wọ́n gbé tábìlì òun lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí ara òun yá ni wọ́n gbé e padà, òun sì ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní rí oògùn ikọ́ lọ́wọ́ òun mọ́.

“Tìtorí ojú wọn lẹ ṣe fẹ́ kú?” ìyàwó rẹ̀ ní. “Mi ò gbà. Kòkòrò tí mi ò lè fojú rí ò ní sọ mí di opó, ẹnu àwọn yẹn náà ò sì ní ṣe é.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tọkọtaya lọ sílé ìwòsàn. Ó jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì pé òun purọ́. Wọn kò kàn ní kó lọ gbé oògùn àtijọ́ mì. Wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìyàwó náà wò. Orí bá a ṣe é, kòkòrò kò tíì padà jí. Dókítà tún ètò oògùn rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọjọ́ kún un.

Ọjọ́ tó padà síbi iṣẹ́, nígbà tí gbogbo wọn jókòó mu tíì ní agogo mẹ́wàá, ó yọ oògùn síta. Ọ̀gá rẹ̀ rọra sọ fún un pé kó lọ lò ó ní ilé ìtọ̀.

“Rárá, ọ̀gá. Ibi tí ẹ ti ń mu tíì ni màá ti lò ó. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, mi ò jalè. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn, kì í ṣe inú ife, àyẹ̀wò sì ti sọ pé mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ife mi sílẹ̀.”

Ó gbé oògùn mì lójú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n túká, ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó kọ́kọ́ ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, rọra tọ̀ ọ́ wá. Ó ní ó ti lé lóṣù kan tí òun náà ti ń wúkọ́, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báírò Pupa kò bú u. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń rù tàbí tó ń làágùn lóru, kó lọ ṣàyẹ̀wò, kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀ sì lọ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ara yíyá kọ́ ni òpin rẹ̀, ọjọ́ tí dókítà dá ni. Bí ẹ bá ti dá a dúró, ẹ padà lọ sọ òótọ́, ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra yín. Àwọn tí ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ kọ́ ni yóò bá yín tọ́ ọmọ. Ẹ lò ó lójú wọn, kẹ́ ẹ sì lò ó tán.