Omi Inú Fèrè Mbithi

Fèrè tí ẹnikẹ́ni kò fun kì í ní omi nínú. Kalekye mọ èyí dájú, nítorí ọdún mẹ́rin ló fi gbé bárékè gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ báńdì sójà. Èémí ẹnu ló ń di omi nínú idẹ fèrè. Bí orin bá parí, afunfèrè á gbọ̀n ọ́n dànù. Àmọ́ ó ti di ọdún kejì tí fèrè Mbithi, ọkọ rẹ̀, ti wà lára ògiri ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú Machakos, ní ilẹ̀ Kenya. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ láràárọ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń tutù.

Syengo ló gbé fèrè náà ti ogun ilẹ̀ Bọ́mà bọ̀. Òun àti Mbithi ni wọ́n jọ wà nínú báńdì. Bí ogun bá sì dé, àwọn ọmọ báńdì ni wọ́n ń fi àkéte gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Syengo níwájú, Mbithi lẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi ló kú sí, ìyàwó wa," ni Syengo wí lọ́jọ́ tó dé. "Èmi náà ni mo fun orin ìdágbére fún un létí odò."

Orin yẹn, òkú nìkan ni wọ́n ń fun ún fún. Kalekye sunkún, ó sì dúpẹ́. Ta ni kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó yá, Syengo ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Kalekye sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Òrùlé yín ló ń jò." Òjò ò sì tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́rin, òrùlé wo ló ń jò?

Ọjọ́ tó mú ewúrẹ́ ìdána àti ọtí oyin wá, ní ọ̀sán gangan, bàbá Mbithi tọ́ ọtí wò, ó ní, "Syengo, ọmọ mi, ká tó fa obìnrin yìí lé ọ lọ́wọ́, fun orin tí o fun fún ọmọ mi, kó gbọ́, kó yọ̀ǹda aya rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi òkú sílẹ̀."

"Àbí o ti gbàgbé ẹ̀ ni?" ni bàbá bi í. Àwọn àgbà tó wà níkàlẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá afunfèrè gbàgbé orin!"

Syengo gba fèrè, ó fun ún dé òpin, ó sì gbé e kúrò lẹ́nu.

Fèrè náà kò dákẹ́.

Ó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹnu lára rẹ̀, bí ẹni tí èémí ń tán nínú rẹ̀: kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń kán láti ẹnu fèrè sórí bàtà Syengo. Kò yé àwọn àgbà. Kalekye nìkan ló yé. Ní bárékè, ohùn fèrè kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń jẹ́: èyí ń pe sójà síbi oúnjẹ, èyí ń ní kí wọ́n lọ sùn. Eléyìí ni wọ́n fi ń pe àwọn alákéte pé kí wọ́n wá gbé ẹni tó ṣèṣe.

"Òkú kì í pe alákéte," ni Kalekye wí jẹ́jẹ́. "O fi í sílẹ̀ láàyè."

Syengo jẹ́wọ́: "Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ni. Ó fẹ́ fun fèrè kí wọ́n wá gbé e, àwọn ọ̀tá ìbá gbọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní màá padà wá. Nígbà tí mo sọdá odò, ẹ̀rù bà mí, mo sọ fún ọ̀gá pé ó ti kú. Wọ́n ní kí n fun orin ìdágbére."

"Fèrè rẹ̀ lo fi fun ún?"

Syengo gbé fèrè náà kalẹ̀.

"Ṣé ó ń gbọ́ ọ lódìkejì odò?" ni Kalekye bi í.

"Odò náà ò fẹ̀," ni Syengo wí.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọdún méjì gbáko ni Kalekye ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ náà wá korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ó tú ewúrẹ́ náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ lé Syengo àti ewúrẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ abẹ́ fèrè ti gbẹ. Àmọ́ ní bárékè, wọ́n ní fèrè yòówù tí Syengo bá gbé sẹ́nu, ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde: kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Ó ń pè, ó ń pè, kò sì sí ẹni tó ń wá gbé e.