Ayùn Tó Ń Dún Lódìkejì Ògiri

Mo ti yọ okùn ayùn mi kúrò lójú iná, síbẹ̀ ariwo ayùn kò dákẹ́.

Ilé ìdáná ìyá arúgbó kan, Màmá Godelieve, ni a wà, ní ìlú Gent nílẹ̀ Òyìnbó. Ọmọ rẹ̀ ló ní ká la ojú fèrèsé sí ògiri bíríkì tó kọjú sí ọgbà. Èmi Katrijn ni mo di ayùn oníná náà mú, irú èyí tí abẹ gígùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Roeland ni ọ̀gá mi. Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú: àwọn tó kọ́ ilé àtijọ́, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, àti èmi tí mo ń gé ògiri kó tó rí owó gbà. Kí n má purọ́, èmi náà ò kà á sí èèyàn. Àgbá òfìfo lásán ni.

"Kí ló dé tóo dúró?" ló bi mí.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ná. Ẹnì kan ń gé e láti òdìkejì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òdìkejì wo? Àbí àwọn adìẹ màmá yìí ti ra ayùn ni?"

Mo jáde lọ sínú ọgbà. Àwọn adìẹ ń tan ilẹ̀. Ara ògiri tutù, kò sí ojú ọgbẹ́ kan níbẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá Godelieve ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ọkọ mi ló fi bíríkì dí ibẹ̀ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe inú ọgbà wa ni wọ́n ti ń bọ̀."

"Màmá, ẹ lọ máa wo kọfí yín lórí iná," ni Roeland wí. "Ọkọ yín ò mọ ògiri mọ, irọ́ ló mọ̀ ọ́n pa."

Bó ṣe pa ẹnu dé ni ṣóńṣó abẹ kan yọ lára ògiri, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀. Kò dán bí irin. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín òkú. Eruku tó ń dà sílẹ̀ kì í ṣe pupa bí eruku bíríkì. Funfun ni, ó tutù lórí bàtà mi, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù sínú àpótí. Abẹ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ya ìlà bí èjìká èèyàn. Ó yí orí po. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èjìká ibẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo wo ìlà náà. Mo wo Roeland. Èjìká tirẹ̀ náà rẹlẹ̀ lápá kan.

"Ọ̀gá, ẹ má sún mọ́ ọn. Ìwọ̀n yín ni."

"Ìwọ̀n mi?" Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó ń yọ ṣùtì sí wa. "Katrijn, wá wò ó! Wọ́n ti rán ẹ̀wù fún mi!"

Ó bá a mu rẹ́gí.

Ayùn náà dákẹ́. Bíríkì inú ìlà náà fà sẹ́yìn láìdún, Roeland sì bá a lọ. Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja. Kí n tó lanu pariwo, ògiri ti pa dé. Kódà ibi tí èmi fúnra mi gé ti jinná. Mo sáré lọ sí ọgbà: adìẹ nìkan.

Mo gbé etí lé ògiri. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni n óò gbọ́, inú mi ì bá sì dùn díẹ̀ láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìgbéraga náà ló ń bú àwọn kan.

"Ẹ̀yin ọ̀lẹ! Ta ló kọ́ yín níṣẹ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà. Obìnrin méjì ṣì kù níbẹ̀."

Eruku funfun bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ẹsẹ̀ mi. Mo fa Màmá Godelieve lọ́wọ́, a jáde. A kò dúró wo èjìká ẹni tí abẹ náà fẹ́ yà.