Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

"Ẹ nu ọwọ́ yín, Màmá. Ẹ tún un tẹ̀," ni òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀ wí.

Màmá Mùjíbátù nu ìka wọn mọ́ ìró, wọ́n tún un tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Iná pupa ló tàn. Ẹ̀rọ kò rí ìlà kankan níbẹ̀.

"Pákí ti jẹ ìlà ọwọ́ yín tán!" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. Àwọn tó tò sílẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gààrí ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ní abúlé náà.

Àǹtí Títíladé kò rẹ́rìn-ín. Òun ló bẹ̀bẹ̀ títí ẹ̀rọ fi wá sábúlé, kí àwọn àgbàlagbà má baà máa gun ọ̀kadà lọ Mọ́níyà. Òun náà ló kó àwọn oníṣòwò gààrí jọ di ẹgbẹ́. Ó wí pé:

"Màmá, ẹ sinmi pákí bíbẹ. Ẹ máa fi òrí pa ìka yín, ìlà rẹ̀ á tún yọ. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n ń padà wá, ìyẹn ni ìkẹyìn ṣáájú ìdìbò. Káàdì yẹn lẹ máa fi dìbò, òun náà ni bánkì máa béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ran òwò yín lọ́wọ́."

"Mi ò dìbò rí láyé mi," Màmá wí. "Ta ni yóò wá bá mi bẹ pákí?"

"Èmi ni, Màmá," ni Muhsinah, ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní SS 3, dáhùn.

Ó ṣe é dáadáa títí di Ọjọ́rú, tí fóònù rẹ̀ dún. Sódìq tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́níyà ni.

"Ìyàwó pákí! Ṣé pákí ló fẹ́ ẹ ni àbí èmi? Wá kí n rí ẹ, jọ̀ọ́."

"Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ o."

"Ṣé pákí ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?"

Muhsinah rẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn máa ń mú kí àyà rẹ̀ lù kìkì. Ó wọ híjáàbù tuntun, ó gun ọ̀kadà. Ní Mọ́níyà, Sódìq tẹjú mọ́ ọn títí Muhsinah fi gbàgbé pé ilẹ̀ ń ṣú.

Nígbà tó délé, Màmá jókòó síwájú òkìtì èèpo, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn.

"Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?"

"Ìjẹta la ti wú u. Tó bá di ọ̀la, inú ẹ̀ á ti dúdú. Pákí ò mọ̀ pé èèyàn lọ sóde."

Lọ́jọ́bọ̀, iná pupa tún tàn. Muhsinah na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo tèmi."

"Àbúrò, ìka ẹnìkan kì í dúró fún ti ẹlòmíràn," òṣìṣẹ́ náà wí. Àwọn òṣìṣẹ́ di ẹrù wọn, wọ́n lọ.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," Àǹtí Títíladé wí. "Wọ́n á tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màmá fèsì. "Àmọ́ òùngbẹ ń gbẹ mí."

Lọ́jọ́ ìdìbò, Màmá tẹ̀lé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ dé ibùdó ìdìbò. Màmá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń bá àwọn obìnrin náà gbé ọmọ títí gbogbo wọn fi tẹ̀ka tán.

Kò sẹ́ni tó bá Muhsinah wí. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé ìfẹ́ ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ pé "èmi ni màá ṣe é", kó ṣe é tán kó tó jáde nílé. Sódìq ì bá dúró di Jímọ̀. Ẹ̀rọ kò dúró.