Oṣù Mẹ́rin Tí Wọn Kò Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ran aṣọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ran kọ́là kan náà lódì. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí yóò lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà ní ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti wà lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fún un ní físà, tọkọtaya yóò tún máa gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Bí wọn kò bá fún un, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí wọ́n tún máa fojú kan ara wọn.

Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìwé ìrìnnà jókòó níwájú rẹ̀, ó ń yẹ ìwé wò. Kò-Sí-Wàhálà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ohun tí èèyàn bá a sọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn.

"Àǹtí, wọ́n ní kí ẹ kó ẹ̀rí wá pé ẹ̀yin àti ọkọ yín ń sọ̀rọ̀ déédéé. Èyí dáa. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ níbí? Oṣù mẹ́rin! Kò sí ìpè kan, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kan!"

Aránṣọ wolẹ̀. "A jà ni."

"Ẹ jà kẹ̀? Háà! Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ o. Wọ́n á ní ìgbéyàwó yín ti tú ká, tàbí pé irọ́ ni látilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. Màá bá yín fi kọ̀ǹpútà tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa kún oṣù mẹ́rin náà. 'Olólùfẹ́ mi, ṣé o jí dáadáa?' Irú ẹ̀. Kí ẹ ṣáà há a sórí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ẹni tí àyà ń já. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Aránṣọ ní kó padà wá lọ́la fún èsì.

Kò-Sí-Wàhálà kò tíì jìnnà tí ìyá ọkọ aránṣọ fi jáde láti yàrá. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí fi ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́, kíkọ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ológbò ilé bá bímọ, yóò kọ ọjọ́, yóò kọ wákàtí.

"Ìyàwó mi, ta ló ní ẹ ò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Màámi. Ṣebí ìgbà tó ní kí n ta ẹ̀rọ ìyá mi ni."

Ẹ̀rọ onírin yìí ni ìyá aránṣọ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, òun ló sì fi kọ́ṣẹ́. Káfíńtà kàn sọ lórí fóònù pé kó tà á, pé tuntun pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Bí iná ṣe ràn nìyẹn. Olórí kunkun pàdé olórí kunkun, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pe ẹnì kejì.

"Ẹ ò pe ara yín lóòótọ́," ni ìyá wí, "àmọ́ èmi lẹ sọ di ilé ìfìwéránṣẹ́."

Ó wọlé, ó mú ìwé alábala kan jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́:

"'Oṣù kìíní ìjà, ọjọ́ kẹrin. Ọkọ ní kí n bi ìyàwó bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ, kí n má sọ pé òun ló rán mi. Ọjọ́ kẹfà. Ìyàwó ní ikọ́ ti lọ. Ó ní kí n sọ fún ẹni tí kò rán mi pé kó máa wọ ẹ̀wù tó nípọn.'"

Ẹ̀rín pa aránṣọ, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Fetí sílẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Mo rí ayédèrú ìwé ní kóòtù títí ó fi sú mi. Bí wọ́n bá ká àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ kan mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìwé ìgbéyàwó yín tó jẹ́ ojúlówó gan-an, wọn ò ní gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n lè fi físà dù ẹ́, wọ́n sì lè ní kí o má tún wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ tó bá bá a, Kò-Sí-Wàhálà ti wà lọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn."

"Kí ni kí n wá ṣe, Màámi?"

"Sọ ọ́ bó ṣe rí. Mú ìwé yìí dání, màá kọ lẹ́tà, màá fọwọ́ sí i. Ka gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ẹ kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí èdè wọn ò bá dá ẹ lójú, béèrè ògbufọ̀."

Nígbà tí Kò-Sí-Wàhálà dé lọ́jọ́ kejì, ìyá ló dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣeun o, bàbá. Wàhálà ni a ò fẹ́, ìyẹn la ò ṣe fẹ́ iṣẹ́ yín."

Ọjọ́ pé. Wọ́n pe nọ́ńbà aránṣọ, ó dúró níwájú gíláàsì. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan wà lódì kejì, ògbufọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe pàdé?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé ṣòkòtò iṣẹ́ tó ya lórúnkún wá. Lọ́sẹ̀ kejì, ibẹ̀ náà ló tún ya. Ìgbà kẹta ni mo tó mọ̀ pé ayùn ló fi ń gé e."

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ń ṣí ìwé lọ, ó wá dúró.

"Oṣù mẹ́rin yìí ńkọ́?"

Ohùn Kò-Sí-Wàhálà ń dún létí aránṣọ, ṣùgbọ́n ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Obìnrin ni, ó láyà.

"A jà, Mà. Ó ní kí n ta ẹ̀rọ tí ìyá mi fi sílẹ̀. Inú bí mi, inú bí òun náà. Ìyá rẹ̀ la wá ń rán síra wa."

Ó ti ìwé alábala àti lẹ́tà náà gba abẹ́ gíláàsì. Ògbufọ̀ kà, ó ń túmọ̀, títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn:

"'Oṣù kẹrin ìjà, ọjọ́ kejìlélógún. Ọkọ ní kí ìyàwó fi ìwọ̀n gígùn àti ìbú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Ó fẹ́ kan tábìlì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Iṣẹ́ mi parí níbí.'"

Òṣìṣẹ́ náà gbójú sókè. "Ṣé ó ti kàn án?"

"Ó ti kàn án, Mà. Ó ti pé oṣù méje. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan lé e lórí."

Òṣìṣẹ́ náà kò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní kó wá gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Físà wà nínú rẹ̀. Ìyá gba ìwé náà, ó wo déètì rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de físà ọkọ tàbí ti aya, ẹ kọ́gbọ́n lára aránṣọ. Ìlànà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà ọ́fíìsì wọn gan-an ni kí ẹ ti béèrè, ẹ má gbára lé ẹnu aládùúgbò. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe ẹ̀rí tí kò sí. Bí ìbéèrè kan kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n tún un bi. Bí ẹ bá sì ti jà rí, ẹ sọ pé ẹ jà. Ìgbéyàwó tí kò níjà rí, inú kọ̀ǹpútà Kò-Sí-Wàhálà nìkan ló wà.