Ọ̀nà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ham Gé Kúrò

Ìgbà kẹta tí wọ́n fi eré náà dánra wò ni mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn aṣọ ọmọ mi tutù. Pátákó orí ìtàgé gbẹ táútáú. Mo gbé aṣọ náà símú. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ló ń rùn.

Èmi ni mò ń rán aṣọ eré fún ẹ̀ka tíátà ní yunifásítì kan ní ìlú Chuncheon, ó di ọdún mọ́kàndínlógún. N kò jókòó ní kíláàsì wọn rí. Ojú àti abẹ́rẹ́ ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀. Darae, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló ń ṣe ìyá àgbà tó kú nínú eré náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ham ló ń darí wọn. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí omi ìsédò tó bo abúlé Norumok, ó lọ gba ohùn àwọn àgbà ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ti kọ ìwé mẹ́ta lórí eré wọn. Eré wọn yìí náà ló ń ṣe báyìí, òun ló fẹ́ fi fẹ̀yìn tì.

Ní Norumok, bí ìyá àgbà bá ti kú nínú eré, wọ́n á ta aṣọ funfun gígùn kan, obìnrin kan á sì rìn gba àárín rẹ̀, á fi àyà ya á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà òkú nìyẹn. Òkú á gbà á lọ, òṣèré á dìde. Mo ti rán aṣọ náà tán kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gé ibẹ̀ kúrò.

"Ìyá Darae, ó ti gùn jù. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fún wa."

"Ẹ gé ijó kìnnìún."

"Kìnnìún ni àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ wá."

"Ta ló wá máa sin òkú?"

"Òkú wo? Ọmọ yín tó jẹ abọ́ ìrẹsì méjì láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Darae náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má dójú tì mí."

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò jẹun mọ́. Á gún ṣíbí ró sínú ìrẹsì, bí a ti ń ṣe é níwájú òkú, á sì máa wò ó títí á fi tutù. Lójoojúmọ́ ni ó ń pẹ́ sí i kó tó dìde lórí ìtàgé. Mo pariwo, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejìlá ìdánrawò, kò dìde. Ó ń mí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ tì í.

"Obìnrin tó kọ́ mi ní eré yìí ní Norumok bẹ̀ mí pé kí n má gé ọ̀nà òkú láéláé," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo kọ ọ́ sínú ìwé kejì. Nísàlẹ̀ ojú ìwé."

Nísàlẹ̀ ojú ìwé! Ẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà ló sọ di lẹ́tà wíńníwínní!

Kò sí òṣèré fún ibi tó ti gé, nítorí náà èmi ni mo ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì di etí aṣọ mú. Ọwọ́ mi ló rán an, àyà mi ló ń ya á. Ó ku díẹ̀ kí n dé òpin nígbà tí mo gbọ́ "Màámi" lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn Darae ni, ó sì ń jìnnà lọ, bí òkú tó gba ọ̀nà náà. Ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níwájú mi.

Mo dúró gbagidi. Aṣọ náà kò dúró. Ó ya ara rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn náà, èyí tó wà nílẹ̀ dìde jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ó kí wa ní èdè àwọn ará Norumok. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣubú jókòó.

"Obìnrin tó kọ́ mi ni," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbọ́ ohùn yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó na ọwọ́ ọmọ mi, ó fi kan ewú orí mi, jẹ́jẹ́.

"Ọmọ dáadáa," ó ní, "ọmọ ta ni ọ́?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àgbà ló bi mí; mo dárúkọ ìyá mi fún un.